Nígbà Tí Pọ́díkáàsì Bá Kọ̀ Tí Kò Wọ Fóònù

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í báni dé gbogbo ojú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn pọ́díkáàsì fi ń dáńlóòdù rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ìròyìn ni o, ìwàásù ni o, ìtàn ni o, tó bá ti wà nínú fóònù, kò tún bèèrè dátà mọ́. Àmọ́ ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ máa tẹ àmì ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ yẹn, tí á máa yí, tí á máa yí, tí nǹkan kan ò ní wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á yọ áàpù náà kúrò, wọ́n á tún un gbé wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìyẹn ṣe àkọ́kọ́. Tí áàpù bá lọ, gbogbo ohun tí ẹ ti dáńlóòdù tẹ́lẹ̀ sábà máa ń bá a lọ. Nínú àwọn áàpù kan, orúkọ àwọn ètò tí ẹ ń tẹ̀ lé náà á pòórá, ohun tó fa ìṣòro gan-an sì lè wà níbi tó wà.

Ó yẹ ká mọ bí pọ́díkáàsì ṣe ń dé ọwọ́ wa. Ẹni tó ṣe ètò máa ń gbé fáìlì ohùn rẹ̀, MP3 lọ́pọ̀ ìgbà, sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní RSS, tó to orúkọ abala kọ̀ọ̀kan àti àdírẹ́sì ibi tí fáìlì rẹ̀ wà. Ọdún 2000 ni Dave Winer, ará Amẹ́ríkà, wá àyè fún fáìlì ohùn nínú RSS. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2005, Apple gbé pọ́díkáàsì sínú iTunes, ó sì di ti gbogbo ayé. Ìwé RSS yìí dà bí ìwé tí a fi rán ọmọ lọ sọ́jà: ó sọ ohun tí a fẹ́ rà àti ìsọ̀ tó wà, àmọ́ kì í ṣe ọjà náà.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni áàpù ń ṣe. Ó ń ka ìwé, ó sì ń lọ gbé fáìlì. Tí ẹ bá rí orúkọ abala tuntun, ṣùgbọ́n tí kò dáńlóòdù, ìwé ti dé, ọ̀nà fáìlì ló dí. Tí orúkọ abala tuntun kò bá tilẹ̀ yọjú, tí ẹ sì mọ̀ pé ó ti jáde, ìwé gan-an ni áàpù kò rí kà. Ẹ fi ìka fa ojú ìwé ètò náà wálẹ̀ kí ó tún un kà.

Tó bá jẹ́ pé fáìlì ni kò wọlé, ẹ gbìyànjú abala mìíràn nínú ètò kan náà. Tí ìyẹn bá wọlé, fáìlì àkọ́kọ́ ló ní ìṣòro: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́, tàbí kí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tí áàpù bá kọ nọ́ńbà 404 síta, ó túmọ̀ sí pé fáìlì kò sí níbi tí wọ́n ní ó wà. 403 túmọ̀ sí pé wọn ò gbà yín láàyè. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí fóònù tó máa yanjú ìyẹn. Tí ètò náà látòkè délẹ̀ kò bá wọlé, ṣùgbọ́n tí àwọn ètò mìíràn ń wọlé, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti kó lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú áàpù, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

Tí gbogbo ètò bá kọ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ìṣòro náà wà. Lérò tèmi, ohun tó ń yọ àwa ará Nàìjíríà lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ áàpù ni wọ́n ti ṣètò láti ilé-iṣẹ́ pé Wi-Fi nìkan ni kí wọ́n fi máa dáńlóòdù. Wọ́n rò pé gbogbo ènìyàn ló ní Wi-Fi nílé. Ẹni tó ń fi dátà síìmù ṣe ohun gbogbo á dúró títí, áàpù náà á sì dúró dè é. Ẹ wọ Settings inú áàpù náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Downloads tàbí Mobile data sí, kí ẹ fún un láyè. Lórí Android, ẹ tún wo Data Saver. Lórí iPhone, ẹ wo Low Data Mode, tó wà láti iOS 13 ọdún 2019.

Àwọn tó ń ra dátà òru ní ìṣòro tiwọn. Wọ́n á ṣètò pé kí áàpù dáńlóòdù fúnra rẹ̀ lóru, wọ́n á sùn, ilẹ̀ á mọ́, òfo. Láti Android 6.0 ọdún 2015, fóònù tí kò sí lórí ṣájà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, máa ń dá iṣẹ́ àwọn áàpù dúró kí bátìrì má bàa tètè tán. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù kan tún ń fi tiwọn kún un. Tí iná bá wà, ẹ jẹ́ kí fóònù wà lórí ṣájà lóru. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, Apps, ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, ẹ lọ sí Battery, kí ẹ mú Unrestricted. Orúkọ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù sí fóònù. Èyí tó dájú jù ni kí ẹ tẹ dáńlóòdù fúnra yín nígbà tí dátà òru bá bẹ̀rẹ̀.

Àyè ńkọ́? Ohùn tí wọ́n ṣe ní 128 kbps máa ń gba nǹkan bí MB 58 fún wákàtí kan. Tó bá jẹ́ 64 kbps, ìdajì rẹ̀ ni. Ní 128 kbps, GB kan lè gba nǹkan bíi wákàtí 17. Nítorí náà, tí fóònù bá ní kò sáyè, fídíò WhatsApp ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ẹ sì rí i dájú pé ohùn lẹ ń dáńlóòdù, kì í ṣe fídíò.

Ẹ wo déètì fóònù náà. Tí ọdún tàbí oṣù bá ṣì, ìwé ẹ̀rí ààbò tí fóònù ń yẹ̀ wò lè má bá a mu, ó sì lè má gbà kí fáìlì wọlé.

Èyí tó fara sin jù ni ti áàpù tó ń dí ìpolówó, VPN, tàbí Private DNS. Ọ̀pọ̀ pọ́díkáàsì ló ń jẹ́ kí fáìlì gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ka iye àwọn tó gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ohun tó ń dí ìpolówó bá dí ilé-iṣẹ́ ìkàyé yẹn, fáìlì kò ní rọ́nà kọjá, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tilẹ̀ dára. Ẹ pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú.

Tó bá wá di dandan kí ẹ yọ áàpù kúrò, ẹ kọ́kọ́ wá OPML nínú Settings rẹ̀. AntennaPod, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Android, ní in, Pocket Casts náà ní in. Fáìlì kékeré ni, tó ń kó orúkọ gbogbo ètò tí ẹ ń tẹ̀ lé jọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Tí ẹ bá sì rí i pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ètò ni àléébù wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ sọ orúkọ abala náà, áàpù tí ẹ lò àti ohun tí fóònù kọ síta. Ó ṣeé ṣe kó má tíì mọ̀ pé abala náà kò ṣeé gbọ́.