MÍMỌ GBOGBO ỌRÙN GÌTÁ OLÓHÙN ÌSÀLẸ̀

Gbogbo wa ni a mọ ọmọ tí ń fi orin ka A B D láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣìṣe; ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀pá tọ́ka sí lẹ́tà kan láàárín, yóò tún padà bẹ̀rẹ̀ láti A kí ó tó lè dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, tí àwọn akọrin ń pè ní béèsì, nínú àwọn ìjọ Ìkirè àti Àpòmù.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Olórí akọrin a máa gbé dò kúrò ní G lọ sí A láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó mọ kìkì àyè díẹ̀ nítòsí orí gìtá yóò wá dàbí àlejò tí ó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo láti Ìkirè dé Àpòmù: bí wọ́n bá dí ọ̀nà náà, ọjà ti tú kí ó tó dé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn akọrin sì dúró lé. Bí ó bá yẹ̀, gbogbo orin a mì.

Kí ohun-èlò yìí tó dé ọ̀dọ̀ wa, àgídìgbo ni ó ń ru ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ onílù púpọ̀. Ní ọdún 1951 ni Leo Fender, ará California ní Amẹ́ríkà, gbé irú gìtá yìí tí ó tàn ká ayé jáde. Okùn mẹ́rin ni ó ní. Láti orí èyí tí ó nípọn jù, orúkọ wọn ni E, A, D, G. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ 20 ni ó pín ọrùn rẹ̀ sí àyè àyè. Bí a bá ka àyè 80 náà pọ̀ mọ́ okùn mẹ́rin tí a kò tẹ̀, ó di 84. Iye yìí lè dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n orúkọ 12 péré ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí ní àyè kejìlá orúkọ okùn náà tún padà.

Okùn kan ni kí a kọ́kọ́ mú. Lórí okùn E, F wà ní àyè 1, G ní 3, A ní 5, B ní 7, C ní 8, D ní 10, E sì tún dé ní 12. Ẹ kíyèsí i pé kò sí àlàfo láàárín E àti F, tàbí B àti C, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàárín mí àti fà, àti tì àti dò. Kí ẹnu máa dárúkọ bí ìka ti ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí a yan lẹ́tà kan lóòjọ́, kí a wá a kiri. Ibi méje ni C wà: okùn E, àyè 8 àti 20, okùn A, 3 àti 15, okùn D, 10, okùn G, 5 àti 17. Kí ọ̀rẹ́ kan máa pe okùn àti àyè lójijì bí olùkọ́ tí ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì ní Sátidé lọ, lójú tiwa. Bí kò bá sí iná mànàmáná, kí a fi igi gìtá náà kan tábìlì pákó. Tábìlì yóò gbé ohùn rẹ̀ jáde.

Nígbà náà ni kí a mú orin ìyìn kan, kí a ta á pẹ̀lú dò ní G, lẹ́yìn náà ní A, lẹ́yìn náà ní C. Bí ó bá kan C, kí a má ṣe sáré lọ sí àyè kẹta okùn A tí ó ti mọ́ ni lára. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní àyè kẹjọ okùn E: ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ki jù ú lọ.