Ọ̀rọ̀ náà ‘Ọkà’ àti Oúnjẹ Ẹni tí Ara Rẹ̀ Kọ Glúténì

Glúténì ni èròjà amúaradàgbà tí ń mú kí ìyẹ̀fun àlìkámà tí a pò máa fà. Nínú àrùn síliákì, bí aláìsàn bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ a gbógun ti ìfun kékeré rẹ̀. Yíyẹra fún un títí ayé ni ìtọ́jú. Ní 1950, W. K. Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní Nẹ́dálàǹdì, fi hàn pé àlìkámà ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lára.

Bí olùtumọ̀ bá kọ ‘má jẹ ọkà’, ó ṣi aláìsàn lọ́nà. Ọkà ni bàbà. Ọkà sì ni àmàlà pẹ̀lú: kò sí glúténì nínú méjèèjì. Aláìsàn yóò fi èyí tí ó bá a lára mu sílẹ̀, kò sì ní fura sí búrẹ́dì àti sèmólínà. ‘Má jẹ àlìkámà, báálì àti ráì’ ni ó tọ́ kí a kọ.