Ọ̀dọ́ tó jóná nídìí epo kpayo: ta ni yóò san owó ìdóòlà ẹ̀mí rẹ̀?

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi ìkẹ́rùsí kan fún epo kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ láti Nàìjíríà, ní Sèmè-Podji, lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ó lé ní 30 ènìyàn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, ọ̀pọ̀ mìíràn sì di èrò ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ará Pobè àti Sakété, nítorí ọ̀nà ààlà ni àwọn náà wà, epo yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń gbé.

Lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, àwọn kan máa ń béèrè pé: ẹni tó mọ̀ pé ewu ni, tó sì tọrùn bọ̀ ọ́, kí ló kan owó ìlú nínú ìtọ́jú rẹ̀? Èrò tiwa ni pé owó ìlú ló yẹ kó ṣáájú. Bí a bá sì fẹ́ gba owó náà padà, ọwọ́ ẹni tó ń jèrè nínú ewu ọ̀hún ni ká ti gbà á.

Bí ewu náà ṣe rí

Ẹ wo alùpùpù kan tó ń ti ààlà bọ̀ lóru. Bídọ̀n wà lọ́tùn-ún, bídọ̀n wà lósì, òmíràn ń bẹ lẹ́yìn, òmíràn sì wà láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á. Ọ̀rá lásán ni wọ́n fi dí ẹnu àwọn mìíràn. Epo bẹntiróòlù kò nílò oòrùn kó tó léwu: bó ti wù kí ara rẹ̀ tutù tó nílẹ̀ wa, atẹ́gùn tó lè gbiná ń jáde lára rẹ̀. Ojú kì í rí atẹ́gùn yìí. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń fà mọ́ lọ, títí yóò fi kan sìgá, àdògán, tàbí irin alùpùpù tó ti gbóná. Ìdí nìyí tí iná fi lè sọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣá ìṣáná.

Àìríṣẹ́ àti èrè ló ń ti àwọn ọmọ sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni owó ìrànwọ́ ìjọba fi mú kí epo dínwó ní Nàìjíríà. Ààrẹ Bola Tinubu kéde òpin ìrànwọ́ náà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo sì fò sókè, ṣùgbọ́n òwò náà kò kú.

Ta ló ń sanwó báyìí?

Owó ìjọba ni àwọn panápaná tí à ń pè ní 118 fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti kú, ẹ̀mí ẹni tó jóná ṣì wà nínú ewu. Awọ tó ti bó kò lè dá omi ara dúró mọ́, kíndìnrín sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Aláìsàn nílò omi tí wọ́n ń fà sí iṣan, oògùn ìrora, àti egbò wíwẹ̀ lóòrèkóòrè. Nígbà mìíràn, wọ́n á gé awọ níbi itan láti fi lẹ ibi tó jóná.

Dókítà á kọ ìwé oògùn, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n aláìsàn á mú un lọ sí fámásì láti ra ìbọ̀wọ́, báńdéèjì àti oògùn. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kò ní dúró fún ẹrù fàyàwọ́, nítorí náà orí mọ̀lẹ́bí ni gbogbo ìnáwó ń já lé. Ilẹ̀ bàbá lè lọ sí i, ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò náà lè dúró.

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, òfin gba ìjọba láyè láti gbowó lọ́wọ́ ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ mú kí wọ́n wá a lórí òkè. Ní ọdún 2009, wọ́n fi ìwé owó tó lé ní 25,000 dọ́là ránṣẹ́ sí ọmọ ọdún 17 kan. Àwọn adóòlà ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà kan náà, kò fara mọ́ irú ètò yìí. Wọ́n ní ẹni tó ń bẹ̀rù gbèsè kì í tètè ké sí ènìyàn, ìgbà tí yóò bá sì fi ké, ewu ti pọ̀ sí i fún òun àti fún àwọn tó ń bọ̀ wá gbà á. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lórí ìwé àṣẹ ọdẹ àti ti ìpẹja ni wọ́n fi ń ran iṣẹ́ ìdóòlà lọ́wọ́.

Àwọn kan ní bí a bá ń gba ènìyàn là lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ yóò máa wọ ewu. Ẹ jẹ́ ká wo Ítálì. Láti oṣù Kẹwàá 2013, ó ń ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 yúrò lóṣù lórí ètò Mare Nostrum, láti yọ àwọn arìnrìn-àjò nínú Òkun Mẹditaréníà. Ètò náà parí lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kò parí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo rì pẹ̀lú ènìyàn tó lé ní 700, àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn.

Nítòsí wa, Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ lé aláìsàn pàjáwìrì padà. Ó dá àpò kan sílẹ̀ fún ìlera, ó sì ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìmúṣẹ rẹ̀ ṣì ń falẹ̀, àmọ́ ìlànà náà dára.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ sórí adìẹ. Kí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn ìlú ẹkùn Plateau tiwa ní àpò pàjáwìrì kan tí ilé ìwòsàn Pobè àti ti Sakété lè fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìdúró de owó ẹbí. Kí àwọn agbófinró má ṣe wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí egbò rẹ̀ kò tíì jinná. Bí ara rẹ̀ bá yá, kí ilé ẹjọ́ wá olówó epo tó di ẹrù ikú lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, kí ó san owó tí ìlú ná.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iná bá jó ẹnikẹ́ni, ẹ pe 118. Ẹ da omi tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má fi epo pupa tàbí ohunkóhun kùn ún, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe gbé e pamọ́ sílé nítorí ìbẹ̀rù àwọn agbófinró tàbí gbèsè.