Ojú tí Àwọn Ọmọ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ fi ń wo Ẹ̀kọ́ Òkè-Òkun

Ní ọdún 1943, Adékúnlé Ajásin, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀wọ̀ tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kọrí sí Fourah Bay College ní Sierra Leone. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ó gba oyè rẹ̀ ní 1946, ó sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀n, níbi tí ó ti gba díplómà iṣẹ́ olùkọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1947. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó ti di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Imade College, Ọ̀wọ̀. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1962, tí ó sì ń rán àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn kí àwọn náà lè gba oyè.

Oṣù mẹ́ta péré ni ó wà láàárín díplómà àti iṣẹ́. Lójú àwọn ará ìgbà náà, ibi tí ènìyàn ti ń mú nǹkan bọ̀ wálé ni òkè-òkun í ṣe. Lónìí, jápa ni ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu àwọn tí ń wá oyè kejì, ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ mọ́ ẹni tí ń sá fún nǹkan. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa nǹkan bí 40 olùjọsìn. Lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀, kò ṣòro láti mọ ìdí tí òbí kò fi ní rán ọmọ rẹ̀ létí pé kí ó tètè padà.

Ìdí mìíràn wà tí a kì í sábà fiyè sí. Ní Ọ̀wọ̀ ni Rufus Giwa Polytechnic wà láti 1979, ìwé-ẹ̀rí HND ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ sì ń gbà jáde. Bí ọmọ Ìdóàní tàbí Ìpele tí ó ní HND bá fẹ́ gba oyè kejì ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò ní kí ó kọ́kọ́ lọ gba díplómà kan sí i. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gba ẹni tí HND rẹ̀ bá dára wọlé tààrà, ọdún kan péré ni yóò sì fi parí. Ta ni ó lè bá a wí bí ó bá gba ibi tí ọ̀nà ti là? Àwa nílé ni a ń fi ìwé-ẹ̀rí tiwa ṣe yẹ̀yẹ́.

Owó ni ìṣòro. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ti oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 kí a tó béèrè fún físà. Láti oṣù kẹfà 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, iye náírà tí pọ́n-ùn kan ń gbà ti ju ìlọ́po méjì lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ka oyè kejì kò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tí ń ṣe ìwádìí.

Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Commonwealth, tí a dá sílẹ̀ ní 1959, a máa gba ìlérí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé yóò padà sí ilé. Ẹni tí ó fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí owó oko kòkó bàbá rẹ̀ lọ kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, gbèsè ni ó gbé lọ. Bí ó bá padà sí Ifọ́n láti wá ṣe olùkọ́, owó oṣù náírà ni yóò fi san án. Ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe tán kí wọ́n tó wọ bàálù.