Igbódù, Èédú àti Igún: Iṣẹ́ Ọmọ Awo ní Ìgbẹ́ Òkè-Ògùn

Babaláwo dífá tán, ó kan ewé: níbo ni yóò ti já a? Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré mọ́ ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti káàkiri Òkè-Ògùn. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀: koríko ló pọ̀, igi fọ́nká, igbó díẹ̀ sì wà létí odò. Igi tó bá lọ kì í tètè padà.

Èédú wà lára ohun tó ń kó igi lọ jù. Igi líle ni asunèédú ń wá, torí èédú rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú iná. Àyìn tí à ń fi ṣe orín, apá, igi òrí, gbogbo wọn ni wọ́n ń tò jọ, tí wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ bò, tí wọ́n ń sun ní jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Igi òrí lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so dáadáa. Ẹ̀rọ ìrẹ́gi kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nídìí rẹ̀. Ìyá tó ń ṣe òrí tà pàdánù, olórìṣà tó ń fi òrí bọ Ọbàtálá náà pàdánù.

Ìjọba ti gbìyànjú. Ní 1936 wọ́n pààlà sí igbó Upper Ogun, ní 1941 sí ti Ọ̀yọ́-Ilé. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di ibi ààbò ẹranko, ní 1991 wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ di Old Oyo National Park, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró nídìí igi kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tó kù lẹ́yìn ọgbà náà ńkọ́? Òfin ìlú ló kù níbẹ̀.

Òfin yẹn là ń pè ní èèwọ̀. Nínú igbódù, igbó orò àti igbó egúngún, a kì í ṣàdéédéé ṣá igi, a kì í finá sí i. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Òjìji igi ń mú ilẹ̀ tutù lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹyẹ ń jẹ èso níbẹ̀, ó ń lọ su kóró rẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ṣá. Igbó kékeré bẹ́ẹ̀ ni àká irúgbìn gbogbo oko tó yí i ká.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tí kò ní ẹni tí yóò dìde fún un, ẹ̀rọ ìrẹ́gi kì í bẹ̀rù rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fi èyí hàn. Nígbà kan, wọ́n ń gégi, wọ́n ń gba ilẹ̀ níbẹ̀. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú bíi Adébísí Àkànjí, tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère síbẹ̀, wọ́n sì dúró ti igbó náà. Ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé. Lọ́dún kan náà ni UNESCO bu ọlá fún Ifá.

Ó wá ku igún. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: àwọn baba wa ní igún kì í ṣe ẹran pípa, síbẹ̀ orí igún wà lórí àtẹ lọ́jà, a sì mọ ẹni tó ń rà á. Láti 2015 ni àjọ IUCN ti ka igún tó máa ń wọ̀lú mọ́ ẹ̀dá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, májèlé pa èyí tó lé ní 2,000. Wọ́n gé orí àwọn kan lọ. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá pa á báyìí, kò lè rọ́pò ara rẹ̀. Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn wa sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ewé rọ́pò rẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣòro, torí awo tó mọṣẹ́ mọ̀ pé ẹbọ ní ìpààrọ̀.

Kí ni ọmọ awo àti ọmọ ọdẹ lè ṣe? Ẹ ro ilẹ̀ yí igbódù ká lẹ́yìn òjò, kí ọyẹ́ tó dé, kí iná ọ̀dàn má wọlé. Bí ẹ bá ń bó èèpo, ẹgbẹ́ kan ni kí ẹ ti bó o: inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ṣe ń gbà lọ sí gbòǹgbò, ẹni tó bó o yí ká ti pa igi náà. Ẹ gbin ewé tí ẹ ń já sẹ́yìn ilé awo. Bí wọ́n bá gbé orí igún wá, ẹ má rà á.

Olúwo náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ Odù lẹ́sẹ̀ rẹ lónìí, mú un wọ inú ìgbẹ́, fi igi hàn án kó mọ̀ ọ́n lórúkọ. Igi tí ọmọ kò mọ̀, kò ní mọ ọjọ́ tó pòórá.