Ọmọ Onítìjú Gan-an Ni Kí Wọ́n Mú Wá

Nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ìtọ́sọ́nà lẹ́yìn iléèwé fún àwọn ọmọbìnrin JSS, yálà ní Ajah, Lańgbásá tàbí Sangotedo, àṣìṣe kan ló wọ́pọ̀ jù. Ìyá á fa ọmọ tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ wá. Àbúrò rẹ̀ tí kì í nawọ́ sókè ní kíláàsì á wà ní ṣọ́ọ̀bù, á máa bá wọn tajà. Bí àǹtí ẹgbẹ́ bá bèèrè rẹ̀, ìyá á ní: "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, àǹtí. Kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, ojú máa ń tì í."

Òun gan-an ni kí wọ́n mú wá.

Kò sí ìdánwò àbáwọlé. Ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè ipò tí ọmọ gbà. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Èyí tó ń kólòlò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Èyí tó tún kíláàsì kà, tí wọ́n sì ń fi ṣẹ̀sín, lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù. Kí òbí má ṣe sọ pé ó dìgbà tó bá gbójú kóun tó mú un wá. Aláìsàn kì í dúró kí ara rẹ̀ yá kó tó lọ sílé ìwòsàn.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ á dìde láàárín ẹni mẹ́rin márùn-ún péré, á sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe: irun dídì, ẹja yíyan, ìṣirò. Òmíràn á di etí aṣọ iléèwé rẹ̀ mú, ohùn ò ní jáde. Àǹtí kò gbọdọ̀ bá a parí ọ̀rọ̀. Á dúró dè é. Bó bá yá, àwọn tó ń gbọ́ á pọ̀ sí i. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n máa pariwo "ṣe gírí" mọ́ ọn lójoojúmọ́.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà lè sọ ọmọ dà kò jìnnà sí wa. Makoko wà létí ọ̀sà kan náà tí Badore ní Ajah wà. Níbẹ̀ ni Abísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn, tó dá Pearls Africa sílẹ̀ lọ́dún 2012, ti kó àwọn ọmọbìnrin jọ, tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ọ̀kan lára wọn ló ṣe Makoko Fresh, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn apẹja, títí kan bàbá rẹ̀, fi lè ta ẹja. CNN ka Abísóyè mọ́ àwọn akọni ọdún 2018. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọbìnrin márùn-ún láti Regina Pacis, Onitsha, gba ipò kìíní nínú ìdíje Technovation ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú áàpù tó ń dá ayédèrú oògùn mọ̀.

Ní ti ìrìnnà, ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà láti oṣù kẹfà ọdún 2022, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kì í sì í mojú ẹnikẹ́ni nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, kí òbí kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí yóò wá mú ọmọ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sanwó fọ́ọ̀mù lẹ́nu géètì. Ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé ni kí wọ́n ti bèèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọwọ́ kan ọmọ lọ́nà àìtọ́, kí wọ́n pe nọ́ńbà ọ̀fẹ́ DSVA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀: 08000333333.