Ẹni tó bá nawọ́ sí gbogbo igbó: ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń dá àrà

Àwọn ọmọ wa tó ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ti pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń dá àrà tiwọn. Nítorí wọn ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí páténtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan, kí ẹlòmíràn má bàa fi ṣòwò láìgbàṣẹ.

Ní Amẹ́ríkà, Michael Farmwald àti Mark Horowitz kọ̀wé béèrè fún páténtì ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Iṣẹ́ wọn dá lórí mẹ́mórì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ilé iṣẹ́ wọn, Rambus, ló ni ẹ̀tọ́ náà.

Nígbà tí ọ́fíìsì páténtì tún ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà yẹ̀ wò, ìwé ìtọ́ni àtijọ́ kan jáde. Intel ló ṣe é fún ẹ̀rọ iAPX 432, tí wọ́n gbé jáde ní 1981. Ọ́fíìsì ní ohun tí Rambus pè ní tuntun ti wà níbẹ̀. Rambus fàáké kọ́rí: chip kan ṣoṣo ni mẹ́mórì tàwọn, àkópọ̀ chip púpọ̀ pẹ̀lú ohun tó ń darí wọn ni ti Intel.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí Rambus kọ kò mọ sórí chip kan; ó gbòòrò débi pé ti Intel wọ inú rẹ̀. Bí Rambus ṣe pàdánù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kúkú ni. Ẹni tó bá nawọ́ sí gbogbo igbó, oko baba ẹlòmíràn yóò bọ́ sínú tirẹ̀, àwọn àgbà tó mọ àlà yóò sì jẹ́rìí.

Òfin Nàìjíríà náà ní ohun tí aráyé ti mọ̀ níbikíbi kí a tó kọ̀wé kì í ṣe tuntun. Ìjọba kò sì ṣe onídùúró pé ìwé tó fún ni kò ní wó nílé ẹjọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá inú ìwé àtijọ́ kí ẹ tó náwó dé Abuja. Ẹ má ṣe pàtẹ iṣẹ́ yín lọ́jà kí ẹ tó kọ̀wé. Ohun tí ẹ ṣe gan-an ni kí ẹ kọ, ẹ má fẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe mọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.